Bí ayé bá fẹ́ parẹ́ lọ́la, ta ló máa pọnmi?

Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ wá nǹkan fìdí lé. Tí dátà yín ò bá pọ̀, ẹ má mikàn, kò sí fídíò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Láti ọjọ́ Jímọ̀ lẹ ti ń pín àwòrán fíìmù kan kiri: ọkùnrin kan àti obìnrin kan dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kọjú síra wọn, ayé fẹ́ parẹ́. Gbogbo yín ń kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé irú ìfẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń wá nìyẹn. Seeking a Friend for the End of the World ni orúkọ fíìmù náà. Lorene Scafaria ló kọ ọ́, òun náà ló darí ẹ̀, ọdún 2012 ló jáde. Èmi náà wò ó lálẹ́ Sátidé. NEPA mú iná lọ nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, mo fi bátìrì fóònù wo èyí tó kù. Mo sunkún. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kẹ́nì kan má lọ ní mi ò láàánú lójú.

Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn olólùfẹ́ méjèèjì yẹn kọ́ ni mò ń rò. Elsa ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wò ó, ṣé ẹ tiẹ̀ rántí Elsa?

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò tíì wò ó: òkúta ràgàjì kan ń já bọ̀ láti ojú ọ̀run, Matilda ni wọ́n sọ ọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kó kọlu ayé. Kò sóhun tẹ́nikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́. Bí wọ́n ṣe kéde ẹ̀ lórí rédíò báyìí, ìyàwó Dodge ṣílẹ̀kùn mọ́tò, ó sá lọ. Steve Carell ló ṣe Dodge. Penny ni aládùúgbò ẹ̀, Keira Knightley ló ṣe ìyẹn. Àwọn méjèèjì wá jọ gbéra ìrìn àjò. Dodge ń wá obìnrin kan tó fẹ́ràn nígbà tó wà níléèwé, Penny ń wá bó ṣe máa dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí ẹ̀ ní England. Ẹ ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Ojú ọ̀nà ni ìfẹ́ ti kó sí wọn lórí.

Elsa ní tiẹ̀ ni obìnrin tó ń bá Dodge tún ilé ṣe. Ayé ń parẹ́ lọ, àwọn kan ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọ̀rẹ́ Dodge ń ṣe pátì, wọ́n ń fi oògùn olóró ṣeré. Elsa wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tó yẹ kó wá. Ó mú àkísà, ó ń nulé. Dodge ní kó má wulẹ̀ wá mọ́, kó lọ wà pẹ̀lú àwọn èèyàn ẹ̀. Ẹkún ló gbọ̀n ọ́n! Ó rò pé wọ́n ń lé òun níṣẹ́ ni, ó ń bi í pé kí lòun ṣe. Dodge náà bá ní ó ti dáa, kó máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àwọn tó ṣe fíìmù yẹn fẹ́ ká rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín lóòótọ́, àmọ́ kò dé inú. Ìkòtún ni mò ń gbé. Elsa pọ̀ ládùúgbò wa. Tẹ́ ẹ bá dé ìdíkọ̀ níbí láago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, ẹ máa bá wọn níbẹ̀, wọ́n ti wé gèlè kékeré, wọ́n gbé báàgì há abíyá, wọ́n fẹ́ lọ gbálẹ̀ ilé onílé ní Lekki. Èmi ń sọ fún yín, tí wọ́n bá kéde pé Matilda ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, kọ̀ńdọ́ á ṣì máa pariwo lọ́jọ́ Sátidé pé "Cele, Ọ̀ṣòdì, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Wọ́n á wọlé. Ẹni tó bá gbé ẹgbẹ̀rún kan náírà jáde láìní ṣéńjì á ṣì gba èébú ẹ̀.

Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú fíìmù yẹn nìyí, àti pẹ̀lú gbogbo irú ẹ̀ tí wọ́n ń gbé wá fún wa. Kí ìfẹ́ tó wọlé, wọ́n á kọ́kọ́ palẹ̀ gbogbo nǹkan mọ́. Owó ò wúlò mọ́. Iṣẹ́ ti tán. Ìyàwó ti sá lọ. Kò sọ́mọ. Onílé ò lè béèrè owó ilé. Gbogbo ẹrù tó wà lórí èèyàn ti bọ́ sílẹ̀, ó wá ku ọkùnrin kan, obìnrin kan àti àwo orin àtijọ́. Ta ni ò ní rí ìfẹ́ níbẹ̀? Ilé tí wọ́n ti gbá, tí wọ́n ti nù. Ta ló sì nu ún?

Ẹ tún wo ìparí ẹ̀. (Ẹni tí ò bá fẹ́ kí n bà á jẹ́ fóun, kó fo ìpínrọ̀ yìí.) Dodge mú Penny dé ọ̀dọ̀ bàbá tiẹ̀, tó ní ọkọ̀ òfuurufú kékeré. Penny ti sùn, Dodge gbé e sínú ọkọ̀ náà kó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí ẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ nìkan ni ìfẹ́ ti ṣiṣẹ́ gidi nínú fíìmù yẹn látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n Penny jí, ó ní kí wọ́n yí padà, ó tún padà sọ́dọ̀ Dodge. Ibẹ̀ ni gbogbo yín ti ń sunkún, èmi náà wà níbẹ̀.

Mọ́mì mi, tí wọ́n ti dúró sẹ́yìn mi láti ìgbà wo ni mi ò mọ̀, bá ní: "Àwọn òbí ẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní mọ́mì, ìfẹ́ ni.

Wọ́n ní: "Mo gbọ́. Àwọn òbí ẹ̀ ńkọ́?"

Láti ìgbà yẹn ni mi ò ti rí èsì fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọdún 2014, torí èyí tí mo fẹ́ sọ wà ńbẹ̀. Ní July 20, ọkùnrin kan tó ń bọ̀ láti Liberia gúnlẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú Ebola lára. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ló fárí gá pé kò ní kúrò ní ọsibítù, òun náà sì kó àìsàn náà, ó bá a lọ ní August 19. Ogún èèyàn ló kó o ní gbogbo Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, kó tó di October 20 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Ogún péré, àbí? Lónìí a lè sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà yẹn, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ogún ló máa jẹ́. Àwọn èèyàn ò bọ ara wọn lọ́wọ́ mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú dáńfó, tẹ́nì kan bá sín, gbogbo wíńdò á ṣí.

Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù August yẹn, fóònù dún nílé wa, ó tó aago méjì. Àǹtí mọ́mì mi ni, láti Adó-Èkìtì: "Ẹ dìde, ẹ bu iyọ̀ sómi gbígbóná, ẹ fi wẹ̀, ẹ mu díẹ̀ níbẹ̀, kílẹ̀ tó mọ́ o!" Mọ́mì mi pe ẹlòmíì, ìyẹn pe ẹlòmíì. Face-me-I-face-you là ń gbé nígbà yẹn. Kó tó di aago mẹ́ta, gbogbo ilé ti jí, gbogbo sítóòfù ti ń jó, iyọ̀ tán lọ́wọ́ ìyá tó ń ta ọjà níwájú ilé. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìjọba ní irọ́ ni, àwọn dókítà ní iyọ̀ àmujù léwu, pàápàá fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ti bọ́. A ti wẹ̀.

Àǹtí kan wà tó ń gbé ní yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó ẹ̀ nígbà yẹn. Láago méje àárọ̀ ló pe àfẹ́sọ́nà ẹ̀, a sì ń gbọ́ torí fóònù ẹ̀, síta ló máa ń sọ̀rọ̀. Ó ní ṣé o gbọ́ nípa omi iyọ̀? Bọ̀ọ̀dá ní ah, òun ti wẹ̀ láti aago mẹ́ta.

Ó dákẹ́. Gbogbo kọ́rídọ̀ dákẹ́.

"O wẹ̀. O ò pè mí."

Ìgbéyàwó yẹn ò wáyé mọ́. Àwọn àgbà bẹ̀ ẹ́ títí. Wọ́n ní ṣebí irọ́ padà ni ọ̀rọ̀ omi iyọ̀ yẹn, kí ló dé tó ń fi irọ́ lásán kọ ọkọ? Èsì tó fún wọn ò kúrò létí mi láti ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: "Ó wẹ̀ kó tó mọ̀ pé irọ́ ni."

Ẹ bá mi wò ó. Fíìmù ìfẹ́ àti òpin ayé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín yẹn, kò sì ju bókẹ́ẹ̀tì kan àti pákẹ́ẹ̀tì iyọ̀ lọ.

Ọdún 2014 yẹn kan náà ni C.J. Obasi gbé Ojuju jáde. Òun ni wọ́n ń pè ní Fiery, òun náà ló padà ṣe Mami Wata tó gba àmì ẹ̀yẹ ní Sundance lọ́dún 2023. Kò sówó lọ́wọ́ ẹ̀ rárá nígbà tó ṣe Ojuju, síbẹ̀ òun ló gba fíìmù Nàìjíríà tó dára jù ní AFRIFF ọdún yẹn. Lórí láptọ́ọ̀pù ẹnì kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ni mo ti wò ó. Ẹ rántí pé ojuju ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá ní kékeré. Àdúgbò tálákà kan l'Ékòó ló ti ṣẹlẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ibẹ̀, omi kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Nǹkan ba omi náà jẹ́. Ẹni tó bá mu ún á ya abàmì, á máa bu èèyàn jẹ. Gabriel Afolayan, ọmọ Adé Love, ló ṣe Romero. Romero yìí sì ní obìnrin tó lóyún fún un.

Fíìmù ẹ̀rù ni, ìfẹ́ kọ́ ló gbé wá sọ́jà. Ṣùgbọ́n mo rò pé ó mọ nǹkan kan nípa ìfẹ́ tí fíìmù Matilda ò mọ̀. Romero ò lè kó sínú mọ́tò kó máa lọ máa wá àfẹ́sọ́nà ìgbà ọmọdé. Oyún wà ńlẹ̀. Omi ti bàjẹ́, aboyún sì gbọ́dọ̀ mu omi. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ibẹ̀ kò kọjá ìyẹn: báwo ni obìnrin mi ṣe máa rí omi mu?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé Alímọ̀ṣọ́, kò yẹ kí n máa ṣàlàyé èyí fún yín. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan wà n'Ígándò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn Solous. Kànga wà nílé wọn, wọn kì í mu ún. Wọ́n ń fi fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Omi tí wọ́n ń mu, mẹ́ruwà ló ń tì í wá, tàbí kí wọ́n ra pure water. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé ìgbà tóun mọ̀ pé bọ̀bọ́ tó ń fẹ́ òun ò ṣeré ni ọjọ́ tí mẹ́ruwà ò wá, tó gbé kẹ́ẹ̀gì méjì láti ọ̀nà jíjìn wá, tó gbé e sílẹ̀, tó sì lọ torí ó ti pẹ́ síbi iṣẹ́. Kò dúró jẹun. Kò ya fọ́tò.

Ó dáa. April 2020.

Ẹ rántí pé March 30 láago mọ́kànlá alẹ́ ni òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, Ògùn àti Àbújá. ASUU ti daṣẹ́ sílẹ̀ ṣáájú, mo ti wà nílé. Dáńfó ni dádì mi ń wà, ó dúró gbagidi síwájú ilé. Ọjà Ìkòtún dá páropáro, ohun tí mi ò rò pé ojú mi máa rí láyé. Nígbà tó yá, ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí WhatsApp: One Million Boys ń bọ̀, Àwáwá ń bọ̀, wọ́n ti dé Agége, wọ́n ti kọ lẹ́tà sí àdúgbò báyìí báyìí. Ní gbogbo ìhà tiwa yìí, láti Agége dé Ìyànà Ìpájà dé Ìkòtún, títí wọ ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn ọkùnrin ò sùn mọ́. Wọ́n ń dáná sun táyà ní oríta, wọ́n ń fi irin lu òpó iná kí gbogbo èèyàn lè mọ̀ pé wọ́n wà lójúfò.

Dádì mi ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́ta nígbà yẹn. Orúnkún ń dùn wọ́n. Yàtọ̀ síyẹn, àwọn àti mọ́mì mi ò bára wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, nítorí owó tí dádì yá àbúrò wọn láìsọ fún mọ́mì. Ilé oníyàrá méjì, kónílé-ó-gbélé, ẹni méjì ń bínú. Èmi ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn: "Sọ fún dádì ẹ pé oúnjẹ ti wà." Dádì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀, wọ́n ń gbọ́.

Alẹ́ tó kan ilé wa láti ṣọ́de, dádì wá àdá, kò sí. Mọ́mì ò sọ nǹkan kan. Wọ́n wọ kíṣìnì, wọ́n mú ọmọ odó jáde, wọ́n fi lé dádì lọ́wọ́. Wọ́n ní kí dádì jókòó. Wọ́n fi àbóníkì ra orúnkún méjèèjì fún wọn, wọ́n rà á pẹ̀lú ìbínú, dádì ń ṣe yéè. Wọ́n tún bọ́ súwẹ́tà tọrùn wọn, wọ́n fún dádì, èyí tó ní òdòdó pupa láyà. Bí bàbá mi ṣe jáde lọ kojú adigunjalè nìyẹn o, pẹ̀lú ọmọ odó àti súwẹ́tà olódòdó.

Mọ́mì mi ò sùn. Wọ́n gbé àpótí sídìí wíńdò, wọ́n jókòó sínú òkùnkùn. Mo ní kí wọ́n lọ sùn, wọ́n ní oorun ò kun àwọn. Ní wákàtí wákàtí ni àwọn ọkùnrin ń fun fèrè. Àmọ́ fèrè kọ́ ni mọ́mì ń gbọ́. Dádì mi ní ikọ́ kan tó máa ń ṣe wọ́n tí èéfín bá pọ̀. Ikọ́ yẹn ni mọ́mì ń tẹ́tí sí. Tó bá dún, wọ́n á mí kanlẹ̀. Tó bá pẹ́ tí ò dún, wọ́n á dìde dúró. Bá a ṣe ṣe é títí dìdájí nìyẹn, mò ń wò wọ́n, wọn ò mọ̀ pé mò ń wò wọ́n.

Kò sẹ́ni tó wá sí àdúgbò wa lóru yẹn, tàbí lóru kankan. Nígbà tí dádì wọlé, wọ́n dúdú bí ẹni tó ń ta èédú. Mọ́mì ti kúrò nídìí wíńdò. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Omi gbígbóná wà nínú bókẹ́ẹ̀tì." Dádì ní ẹ ṣé. Lẹ́yìn tí dádì wẹ̀ tán, tí wọ́n jẹun tán, mọ́mì wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ owó àbúrò dádì níbi tí wọ́n pa á tì sí!

Mo fẹ́ wo ìyẹn nínú fíìmù. Òótọ́ ni mò ń bá yín sọ. Mo fẹ́ rí òṣèré gidi kan tó máa jókòó sídìí wíńdò fún ìṣẹ́jú méje, tí a ò ní gbọ́ ju ikọ́ lọ.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Ẹ máa ní ìyà tó ń jẹ wá ti tó, ẹ jẹ́ ká rí ilé tó dáa àti AC nígbà tá a bá san owó sinimá. Mo gbà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wo The Wedding Party ti Kemi Adetiba, ti ọdún 2016, inú mi sì dùn nígbà tí Adesua àti Banky W padà fẹ́ra wọn lóòótọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fíìmù Lekki mọ́. Ohun tí mò ń bínú sí ni pé, tí kámẹ́rà bá fẹ́ wo ìfẹ́, ó ń sọdá afárá. Tó bá wá sí ìhà tiwa, á jẹ́ pé ọmọ ìta ló ń wá, ẹgbẹ́ òkùnkùn ló ń wá. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn lọ́dún 2006, 1,277,714 ni wọ́n kà ní Alímọ̀ṣọ́, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ tó pọ̀ tó o ní gbogbo Èkó. Ṣé gbogbo wa kàn ń jalè ni? Ta ló ń bí gbogbo ọmọ yìí?

Ẹ má tún sọ fún mi pé Scafaria ò jẹ wá ní gbèsè fíìmù. Mo mọ̀. Ó tiẹ̀ ṣe dáadáa tó fi Elsa síbẹ̀ rárá, ọ̀pọ̀ wọn ò ní rántí pé ẹnì kan ló ń fọ abọ́. Àwọn tiwa ni mò ń bá wí. Elsa kúrò nílé Dodge lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó ń lọ sílé. Ta ló wà nílé? Ta ló ń retí ẹ̀ ní ìdíkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì? Fíìmù yẹn gan-an ni mo fẹ́, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí bọ́ọ̀sì náà já a sí Ẹ̀gbẹ́dá.

Mo ti ń kọ díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ̀ fúnra mi, kì í ṣe pé mo kàn ń ráhùn. Ṣùgbọ́n mo nílò ìtàn tó ju tilé wa lọ. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ibí fún mi: lóru omi iyọ̀, ta ló pè yín? Ẹ̀yin náà, ta lẹ kọ́kọ́ pè?